Orin Tó Parí Kí N Tó Dé

Mo ní ẹ̀sùn, ẹ jẹ́ kí n tètè kà á sílẹ̀. Gbogbo ohun tó dùn jù lọ ní agbolé wa ní Osi, wọ́n ti ṣe é tán kí wọ́n tó bí mi. Mi ò sọ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ohun tí mò ń sọ ni pé nígbà tí àwọn onígìtá wá ṣeré ní pápá ilé-ìwé, tí wọ́n gbé iná gáàsì kọ́ sórí igi tí gbogbo ibẹ̀ mọ́ rekete, ẹnikẹ́ni kò dúró dè mí. Nígbà tí ọkọ̀ àwọn eléré orí ìtàgé gba ọ̀nà Ararọ̀mí-Ọ̀pin wọlé, ọkọ̀ tí wọ́n ya ọba àti ẹkùn sí lára, tí òṣèré kan dúró lókè rẹ̀ tó ń pariwo eré ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó ní, "Ẹ ṣe sùúrù, Fúnmi ń bọ̀." Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ń wọ ṣòkòtò tí ẹnu ẹsẹ̀ rẹ̀ ń bá wọn gbálẹ̀, tí wọ́n ń gun bàtà gogoro lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń rìn bí ẹni tó ń sọdá odò, ojú mi kò sí níbẹ̀. Ìgbà tí mo dé, wọ́n ti to àga pọ̀, wọ́n ti pa iná. Bí mo bá sì béèrè, èsì kan ṣoṣo ni gbogbo àgbà ilé ní: "A ò tíì bí ọ nígbà yẹn." Wọ́n á sọ ọ́ bí ẹni pé èmi ni mo jókòó sọ́run tí mò ń ṣe ọ̀lẹ.

Ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí, mo wà ní kíláàsì kẹrin. Olùkọ́ ni bàbá àti ìyá mi ní Ìlọrin, ìparí oṣù ni wọ́n ń wá, nítorí náà Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, ló ń tọ́ èmi àti Bùọ̀dá Káyọ̀dé, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Àǹtí Bísí, àbúrò bàbá mi tó kéré jù, ń bá wa gbé. Bí mo bá pajú dé báyìí, etí ni mo fi ń rí ilé náà. Ohun àkọ́kọ́ láàárọ̀ ni ìró láti mọ́ṣáláṣí ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà ikọ́ Ìyá Àgbà, ẹ̀ẹ̀mejì, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ikọ́, ìró sílípáàsì rẹ̀ ní ọ̀ọ̀dẹ̀ títí dé ìdí àmù. Á gbé ife kúrò lórí ìdérí, á ṣí ìdérí, á gbé e lé àyà, á ní, "Ẹ káàárọ̀ o. A tún jí." Ìgbà náà ni yóò tó bu omi mu. Lẹ́yìn rẹ̀ ni agogo ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn agogo ni ìgbálẹ̀ Àǹtí Bísí, tó máa ń gbálẹ̀ bí ẹni tó ń bá ilẹ̀ jà. Àwa rò pé omi ni Ìyá Àgbà ń kí. Obìnrin tó bá dé oko tó rí iṣu tó ta dáadáa, tó máa ń kúnlẹ̀ kí i kí ó tó wà á, ta ni yóò bi í pé kí ló dé tó ń kí omi? Èdè Osi pọ́ńbélé ló ń sọ. Kì í pe ilé ní ilé, "ulé" ni; kì í pe iṣu ní iṣu, "uṣu" ni. Mo ń yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá ìwé níbí kí ẹni tí kì í ṣe ará wa lè kà á, mo sì mọ̀ pé ìyẹn náà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Mo ti kọ ọ́ mọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi.

Èmi ni mo ń pọn omi sínú àmù yẹn. Ìrìn mẹ́ta láti ẹnu ẹ̀rọ kí n tó lọ sílé-ìwé, Bùọ̀dá Káyọ̀dé ìrìn kan, nítorí wọ́n ní ọkùnrin ló ń lọ sóko. Kò sì lọ sóko ní àárọ̀ ọjọ́ ilé-ìwé kankan, mo ṣọ́ ọ. Ní ọjọ́ Sátidé, màá da àmù nù, màá fi kànìnkànìn fọ inú rẹ̀, màá nu ìdérí. Ìdérí náà kì í ṣe pákó, kì í ṣe páànù. Ó rí rìbìtì, ó tẹ́jú, aṣọ funfun méjì ni wọ́n fi rán an mọ́ inú pẹ̀lú rọ́bà tábìlì lábẹ́ rẹ̀, òwú pupa sì yí etí rẹ̀ ká. Bí mo bá ń nù ún, ìka mi máa ń rí ihò kékeré kan ní àárín gbùngbùn lábẹ́ aṣọ náà. Mo rò pé wọ́n dá a lu kí omi lè máa mí ni.

Ní báyìí, ẹ gbọ́ nípa Bàbá Àgbà. Kí ó tó di àgbẹ̀ tó ń gbin iṣu àti ẹ̀gẹ́, ó bá ẹgbẹ́ onígìtá kan rìn. Elégbè ni. Àwọn márùn-ún ló ń gberin lẹ́yìn ọ̀gá wọn. Ìgbà kan ṣoṣo ni wọ́n kó wọn lọ sí Ìbàdàn láti gba orin sínú àwo, ohun tí Bàbá Àgbà sì mú bọ̀ nílé kò ju ẹyọ àwo kan lọ. Ọ̀gá ẹgbẹ́ náà, tí mi ò ní dárúkọ rẹ̀ nítorí pé ó ní ọmọ láyé, kò pè é mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Kí ló ṣe? Wọn kì í sọ fún mi. Bí mo bá béèrè, wọ́n á wo ara wọn, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Àgbà kú nígbà òjò, wọ́n bí mi nígbà ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e. Oṣù mẹ́rin péré! Gbogbo ẹni tó wà nínú ilé yẹn ló mọ ohùn rẹ̀, àfi èmi. Kódà ewúrẹ́ Àǹtí Bísí, ìyẹn èyí tó fọ́ ojú kan, òun náà gbọ́ ọ, nítorí Bàbá Àgbà ló máa ń lé e.

Ẹ̀gbọ́n mi rí i pé ibẹ̀ ló ń dùn mí, ló bá sọ ọ́ di oúnjẹ. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí Bàbá Àgbà kú, ó ní òun rántí ohùn náà ketekete. "Mú ẹran ẹ wá, kí n ṣe é fún ẹ." Màá yọ ẹran inú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí mi, màá gbé e lé orí iyán rẹ̀, yóò wá ki ohùn bọ inú ikùn: "Fúnmiláyọ̀ ọmọ ọmọ mi." Ní ọjọ́ kejì ohùn náà yóò tínrín bí ti ẹ̀fọn. Mo ní, "Kì í ṣe bó ṣe rí lánàá nìyí." Ó ní, "Ọ̀fìnkìn ń ṣe bàbá lónìí." Ẹran mẹ́rìnlá ni ó jẹ lọ́wọ́ mi ní sáà yẹn. Mo mọ iye rẹ̀ nítorí mo ní ìwé kan, ìwé ilé-ìwé tí táìmùsì wà lẹ́yìn rẹ̀, tí mo ń kọ gbogbo ìwà ìrẹ́jẹ ilé wa sí. Ìyá Àgbà ń pè mí ní Lọ́yà. Tó bá fẹ́ lá ọwọ́ rẹ̀ nínú ìkòkò ọbẹ̀, á kọ́kọ́ wẹ̀yìn, á ní, "Lọ́yà ò sí níbí, àbí?"

Ọ̀sán Sunday ni mo fẹ́ràn jù. Wọ́n á da ẹ̀gúsí sórí ẹní ní ọ̀ọ̀dẹ̀, gbogbo wa á máa ṣẹ́ ẹ, ìró rẹ̀ á máa lọ táṣá-táṣá bí òjò tó ń bẹ̀rẹ̀ lórí páànù, Àǹtí Bísí á sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Èyí tó wù mí jù ni ti alẹ́ tí àwọn onígìtá wá. Bí wọ́n ṣe jó ijó tí ẹsẹ̀ kò kúrò lójú kan, tó jẹ́ pé orúnkún nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Bí Bàbá Àgbà ṣe wọ ẹ̀wù olómi ọsàn tí ọrùn rẹ̀ gùn dé èjìká. Mo gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi mọ̀ ọ́n ju àwọn tó wà níbẹ̀ lọ. Àǹtí Bísí á ní, "Ìyá, nínú ẹ̀wù aláwọ̀ ewé tí wọ́n wọ̀ lọ́jọ́ náà..." Màá ní, "Olómi ọsàn ni." Yóò bojú wò mí. "Ṣé o wà níbẹ̀ ni?" "Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ ìkórè." "Ìyá, ẹ bá mi bi ọmọ yìí, ta ló ń jẹ́rìí ohun tí kò ṣojú ẹ̀?" Ìyá Àgbà á máa rẹ́rìn-ín, á ní, "Olómi ọsàn ni, Bísí. Lọ́yà jàre." Ẹ wo bí inú mi ṣe máa ń dùn! Mo máa ń sùn pẹ̀lú iná gáàsì yẹn ní ojú mi, iná tí wọ́n ti pa kí n tó dáyé. Mo ti kàwé dé yunifásítì, mo ti ka ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé kọ nípa bí ènìyàn ṣe ń ṣàárò ohun tó rí rí. Mi ò tíì rí ẹni tó ṣàlàyé fún mi tó tẹ́ mi lọ́rùn bí ọmọ kíláàsì kẹrin ṣe lè ṣàárò ijó tí kò jó rí, tí àárò náà sì dùn bí iṣu sísun àti epo.

Ọjọ́rú kan ni ọ̀rọ̀ di kánkán. Bàbá Télọ̀ wá sílé. Ọ̀rẹ́ Bàbá Àgbà ni, Mùsùlùmí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ń ṣe ju ti ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin lọ. Òun nìkan ló ní giramafóònù tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ní àdúgbò, ẹ̀rọ kékeré inú àpótí tó ń lo òkúta bátìrì mẹ́fà. Ó jókòó, ó mu omi, ó ní, "Ìyàwó wa, mo wá dágbére ni o. Ọmọ mi obìnrin ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Iloffa. Sátidé ni wọ́n ń bọ̀ wá kó ẹrù mi." Wọ́n ṣe é ní pẹ̀lẹ́, wọ́n ṣàdúrà. Ó wá yíjú sí mi. "Ìwọ olóríṣiríṣi ìbéèrè yìí. Bí ẹ bá ní àwo tí ẹ fẹ́ gbọ́, ẹ gbé e wá kí ọkọ̀ tó dé. Tí ẹ̀rọ yẹn bá ti kúrò ní Osi, ó di gbére." Ó tún ní, "Ẹ ní àwo..." "Àwo bàbá wa!" ni mo ní. Bàbá Télọ̀ wo Ìyá Àgbà, Ìyá Àgbà wo Bàbá Télọ̀, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín wọn. "Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán," ni Bàbá Télọ̀ wí, ó ń nu ojú. "Háà, Ọlọ́run tóbi." Olùkọ́ mi náà ti nà mí lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà lọ́sẹ̀ yẹn, pé mo máa ń dáhùn ìbéèrè kí òun tó bi í tán. Ó nà mí lórí ìdáhùn tó tọ̀nà. Ìyẹn náà wà nínú ìwé.

Àpótí àwo orin wà lórí àjà. Mi ò tíì fọwọ́ kàn án rí, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Láti ìgbà tí Bàbá Àgbà ti kú ni bàbá mi ti fi aṣọ òkè wé e, tó gbé e pa mọ́ sábẹ́ páànù pẹ̀lú ọ̀wọ̀ gidi. Ní ọjọ́ Ẹtì, bí a ṣe dé láti ilé-ìwé, Àǹtí Bísí gbé àkàsọ̀, Bùọ̀dá Káyọ̀dé gùn ún, ó gbé àpótí náà sọ̀ kalẹ̀. A tú aṣọ òkè. A ṣí i. Ẹ̀yin ènìyàn, ooru páànù ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Àwo méjìlá ló wà nínú rẹ̀, kò sí ọ̀kan tó dúró bó ṣe wà. Ọ̀kan ká bí etí erin, òmíràn rú sókè bí fìlà, òmíràn rọ̀ wálẹ̀ bí ewé kókò tí oòrùn pa. Bùọ̀dá Káyọ̀dé gbé ọ̀kan lé orí, àwo náà sì jókòó síbẹ̀ dáadáa. Mo fẹ́ pa á. Mo wá àpò tí wọ́n kọ orin Bàbá Àgbà sí, mo rí i, mo fọwọ́ bọ inú rẹ̀. Òfìfo ni.

Ẹkún tí mo sun lọ́jọ́ náà, àwọn ará ilé kejì wá bèèrè ẹni tó kú. Mo gbé ìwé mi, mo dúró sí àárín àgbàlá, mo sì fi ẹ̀sùn kan gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní bàbá mi fi àwo sínú ooru. Mo ní Àǹtí Bísí mọ̀ pé àwo kì í fẹ́ ooru, kò sì sọ. Mo ní Bùọ̀dá Káyọ̀dé jẹ ẹran mẹ́rìnlá, irọ́ ni gbogbo ohùn tó ṣe. Mo dé orí Ìyá Àgbà, tó ń gún iyán lọ́wọ́. Mo ní, "Ẹ̀yin gan-an lẹ jẹ̀bi jù. Ọkọ yín ni. Ẹ jẹ́ kí ohùn rẹ̀ sọnù, ẹ ò tiẹ̀ wá a." Ọmọ odó dúró. Àǹtí Bísí ní, "Fúnmi! Ṣé orí ẹ pé?" Ìyá Àgbà wo ọ̀nà ọ̀ọ̀dẹ̀, ó tún gbé ọmọ odó. Mo kọ iyán alẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi bá mi jẹ ẹ́, ẹran ìkẹẹ̀ẹ́dógún.

Iṣẹ́ kì í wo ojú ẹkún. Ní àárọ̀ Sátidé mo da àmù nù, mo fọ̀ ọ́, mo jókòó ti ìdérí kí n nù ún. Omijé ṣì wà lójú mi, mi ò rí ibi tí mò ń nù dáadáa, ni ìka mi bá tún bọ́ sí ihò àárín rẹ̀ bó ti máa ń ṣe. Ìka mi dúró síbẹ̀. Ní ọjọ́ tó ṣáájú, mo ti di àwo méjìlá mú ní ọwọ́ mi yìí kan náà, mo sì ti mọ bí ihò àárín wọn ṣe rí. Mo gbé ìdérí náà sókè. Mo wọn fífẹ̀ rẹ̀ mọ́ àyà. Mo fi èékánná fa ojú aṣọ náà, mo gbọ́ ìró kẹrẹ-kẹrẹ lábẹ́ rẹ̀, ìlà wẹ́wẹ́ tó yí po. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń ṣí i, tí mo ń dé e, ìrìn mẹ́ta láràárọ̀. Mo sáré wọ ilé ìdáná. "Ìyá Àgbà, kí ló wà nínú..."

"Bàbá yín ni," ni Ìyá Àgbà wí. Òun náà kò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Ó jókòó sórí àpótí ìjókòó rẹ̀. Ó ní nígbà tí ọkọ òun kú, wọ́n máa ń lu àwo náà láti fi tu òun nínú, ṣùgbọ́n nígbàkígbà tó bá ti kọrin, òun máa ń dá a lóhùn. Ẹ̀gbọ́n òun obìnrin sì ní ẹni tó bá ń dá òkú lóhùn yóò tẹ̀ lé e ni. "Mi ò lè jù ú nù. Mi ò sì lè gbọ́ ọ. Omi tútù ló fẹ́ràn jù láyé, á ti oko dé, kò ní kí ẹnikẹ́ni, ìdí àmù ló ń lọ. Mo ní kí ó máa ṣọ́ omi." Mo wá rántí: "Ẹ káàárọ̀ o. A tún jí." Kì í ṣe omi ló ń kí. Àǹtí Bísí, tó ń ti ẹnu ọ̀nà gbọ́ ọ, fi ìgbálẹ̀ bo ẹnu. Mo ní kí Ìyá Àgbà jọ̀ọ́, kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ Bàbá Télọ̀ kí ọkọ̀ tó dé. Ó mi orí. "Ó ti pẹ́, ọkọ mi. Jẹ́ kó sinmi." Èmi tí mo ní ọ̀rọ̀ ojú ewé méjìdínlógún nínú ìwé ẹ̀sùn, mi ò rí ìkankan sọ nínú wọn. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Gbogbo yín lẹ mọ ohùn rẹ̀. Tí mo bá dé ọ̀run, tó bá pè mí, mi ò ní mọ̀ pé òun ni. Màá kàn máa kọjá lọ ni."

Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, èyí tí omi ń bá a jáde lójú. "Ó máa bínú," ló wí. "Kì í fẹ́ kí wọ́n kọjá lára òun láìkí òun. Bísí, mú abẹ wá." Òun fúnra rẹ̀ ló tú òwú pupa náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń tú irun ọmọ tuntun. Àwo náà jáde dúdú, ó ń dán, ó tẹ́jú pẹrẹsẹ. Àwọn tí a fi aṣọ òkè wé, tí a gbé sókè fún ọ̀wọ̀, ooru ti ká wọn. Èyí tí a ń gbé ife lé lórí, ìtútù àmù ló pa á mọ́.

Ìgbà tí a dé ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ Bàbá Télọ̀, ọkọ̀ ti dé. Awakọ̀ ń di maṣíìnì ìránṣọ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ń kùn pé òun fẹ́ tètè lọ. Bàbá Télọ̀ rí ohun tó wà lọ́wọ́ Ìyá Àgbà, ó jókòó pẹ̀lẹ́. "Sọ giramafóònù yẹn kalẹ̀," ló sọ fún awakọ̀. "Kó tó di pé mo sọ ìwọ náà kalẹ̀." Mo bi í pé ohùn márùn-ún ló ń gbè, báwo ni màá ṣe mọ ti Bàbá Àgbà. Ó ní, "Wàá mọ̀ ọ́n." Wọ́n gbé àwo lé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí yí, abẹ́rẹ́ kàn án. Ohun tó jáde jọ òbúkọ tí ọ̀fìnkìn mú: "Taaa... looo... ń kaaan..." Òkúta bátìrì ti rẹ̀. Bùọ̀dá Káyọ̀dé fò sókè. "Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Bí mo ṣe máa ń ṣe é gẹ́lẹ́ nìyẹn!" Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín, awakọ̀ náà kò mọ ìgbà tó bá wọn rín in. A yọ òkúta mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, a tò wọ́n sórí páànù nínú oòrùn bí ẹni sá èlùbọ́, ẹ̀gbọ́n mi ń fi eyín tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo jókòó tì wọ́n. Mi ò jẹ́ kí òjìji ẹnikẹ́ni ṣíji bò wọ́n. Awakọ̀ ń wo oòrùn, Bàbá Télọ̀ sì ń wá ohun tó gbàgbé sínú ṣọ́ọ̀bù tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́.

A dá wọn padà. Gìtá jáde, ó mọ́lẹ̀, ó ń rìn wéré-wéré. Mo mọ̀ ọ́n! Mi ò gbọ́ ọ rí, ṣùgbọ́n orúnkún mi mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá wọn gbé orin: "Ta ló ń kan..." Ohùn kan, òun nìkan, ó rinlẹ̀, ó kún fún ayọ̀, ó já lu ọ̀gá náà lẹ́nu: "Àwa ni!" Ìgbà náà ni ọ̀gá tó rí àyè parí ìbéèrè rẹ̀, "...ilẹ̀kùn?" tí àwọn mẹ́rin yòókù wá gbè é pé, "Àwa ni o, ẹ ṣílẹ̀kùn fún wa." Ó ti dáhùn kí wọ́n tó bi í tán. Wọn kò lè tún un gbà, àkókò tí wọ́n fún wọn nílé ìgbohùn ti pé. Ìdí tí ọ̀gá kò fi pè é mọ́ nìyẹn, ìdí tí wọ́n sì ṣe máa ń wo ara wọn rẹ́rìn-ín nìyẹn tí mo bá já lu ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Mo dìde. Lẹ́yìn mi, Ìyá Àgbà ní jẹ́jẹ́, "Ẹ wọlé o." Ó dá a lóhùn. Kò sì tẹ̀ lé e lọ. Ọdún mọ́kàndínlógún ló tún lò lẹ́yìn ọjọ́ náà. A lù ú ní ẹ̀ẹ̀mẹrin kí òkúta tó kú pátápátá. Mo jó ijó tí ẹsẹ̀ kì í kúrò lójú kan, orúnkún nìkan. Àǹtí Bísí ní, "Ta ló kọ́ ọ? A ò tíì bí ọ nígbà..." "Mo wà níbẹ̀," ni mo ní.

Ìyá Àgbà rán an padà sínú aṣọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó dé e lórí àmù. Láti ọjọ́ kejì, àwa mẹ́rin ló ń kí i. Ẹ̀gbọ́n mi dá ẹran kan padà nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo ń retí mẹ́rìnlá tó kù, ó ti di ọ̀gá àgbà ilé-ìwé, ó mọ ilé mi.

Àmù ti fọ́. Ìdérí wà lọ́dọ̀ mi. Ọmọ mi obìnrin, Tìmílẹ́yìn, tó ti wọ gbogbo aṣọ tí mo wọ̀ ní yunifásítì tán, tó máa ń sọ fún mi pé ayé ìgbà kásẹ́ẹ̀tì dùn ju tiwọn lọ bí ẹni pé ó wà níbẹ̀, ló ní kí a gbé orin náà sínú fóònù kí ó má baà parun. A gbé e lọ fún ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ṣe é dáadáa, ó mú ìró ríro inú rẹ̀ kúrò. Ó tẹ̀ ẹ́. "Ta ló ń kanlẹ̀kùn?" Àwọn elégbè dáhùn, gbogbo wọn pọ̀, ó lọ geere. Mo ní kí ó tún un tẹ̀. Mi ò gbọ́ "Àwa ni!" ti Bàbá Àgbà. Ọ̀dọ́kùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mà, àṣìṣe kan wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọkùnrin kan yára jù. Mo ti bá yín gé e kúrò." Mo gbá ẹ̀mí jọ, mo la ẹnu láti sọ ohun tí mo ti ń mú bọ̀ láti kíláàsì kẹrin...

"Ta ló sọ fún yín pé ó yára?" ni Tìmílẹ́yìn wí. "Àwọn mẹ́rin yòókù ló pẹ́. Ẹ dá a padà síbi tó wà."

Ó dá a padà. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi, ọ̀rọ̀ tí mo ti ń tọ́jú fún ogójì ọdún. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀.